Ìtọ́jú Eyín Láàrin Àwọn Ọmọ Ilé-Ẹ̀kọ́

Nínú gbogbo ohun tí Elédùmarè fi ṣe ènìyàn lọ́ṣọ̀ọ́, eyín jẹ́ ọ̀kan tí àwọn Yorùbá kà kún gidigidi. Ní ayé àtijọ́, bí ìyàwó bá dé ilé ọkọ, kì í pe àwọn ọmọ ilé ní orúkọ àbísọ wọn. Orúkọ mìíràn tí ó bá ìrísí tàbí ìwà oníkálùkù mu ni í sọ wọ́n. Ọ̀kan nínú irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ni Eyínfúnjowó, èyíinì ni ẹni tí eyín rẹ̀ funfun ju owó ẹyọ lọ. Òmíràn ni Eyínmẹ́nugún, ẹni tí eyín mú kí ẹnu rẹ̀ gún régé. Bí ọmọbìnrin bá sì tún ní èjí níwájú ẹnu, tọmọdé tàgbà ni yóò máa yìn ín.

Ṣùgbọ́n eyín kì í ṣe ọ̀ṣọ́ nìkan. Òun ni ọlọ tí a fi ń lọ oúnjẹ kí ó tó lọ sí inú. Òun náà ni ó ń ran ahọ́n àti ètè lọ́wọ́ láti pe ọ̀rọ̀ kí ó já geere. Ẹni tí eyín iwájú rẹ̀ ti ká, kí ó gbìyànjú láti pe “afẹ́fẹ́”. Yóò rí i pé afẹ́fẹ́ gan-an ni yóò máa jáde lẹ́nu òun. Síbẹ̀, pẹ̀lú gbogbo ìwúlò yìí, eyín wà lára àwọn ẹ̀yà ara tí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kì í rántí àfi ọjọ́ tí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí dùn ún. Ohun tí ó yẹ kí a mọ̀ ni pé, ní ti eyín, ẹni tí ó bá dúró de ìrora ti pẹ́ jù.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni ènìyàn ń hu eyín láyé. Àkọ́kọ́ ni eyín ọmọdé, tí ó máa ń bẹ̀rẹ̀ sí yọ nígbà tí ọmọ bá tó bí oṣù mẹ́fà. Kí ọmọ náà tó pé ọdún mẹ́ta, gbogbo rẹ̀ a máa tó 20. Ẹ̀ẹ̀kejì ni eyín àgbà, tí í jẹ́ 32 bí ó bá pé. Láti nǹkan bí ọdún mẹ́fà títí di ọdún méjìlá ni eyín ọmọdé máa ń ká lọ́kọ̀ọ̀kan, tí eyín àgbà yóò sì hù dípò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó rántí bí a ti ń sọ eyín tí ó ká sí orí òrùlé, tí a sì ń fi ahọ́n wá èyí tuntun kiri.

Níbí yìí ni ọ̀pọ̀ òbí ti máa ń ṣe àṣìṣe ńlá. Nígbà tí ọmọ bá tó ọdún mẹ́fà, eyín ńlá mẹ́rin a yọ ní ẹ̀yìn ẹnu lọ́hùn-ún, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀. Eyín kankan kò ká kí wọn tó yọ, nítorí náà ẹnikẹ́ni kì í kíyè sí wọn. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ń jẹrà, ìyá ọmọ lè rò pé eyín ọmọdé ni, kí ó sì wí pé, “Ẹ fi í sílẹ̀, yóò ká, òmíràn yóò hù.” Ṣùgbọ́n eyín àgbà ni. Bí ó bá lọ, ó lọ nìyẹn. Kò sí òmíràn tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ fi ahọ́n yín ka eyín láti àárín iwájú lọ sí ẹ̀yìn: ìkẹfà ni eyín tí à ń wí yìí. Ọmọ ọdún méjìlá ti ń fi í jẹun fún bí ọdún mẹ́fà. Bí ó bá tọ́jú rẹ̀, yóò fi í jẹun títí di ọjọ́ ogbó. Ojú rẹ̀ kò tẹ́jú. Kòtò tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ wà níbẹ̀ tí oúnjẹ máa ń há sí. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé òun ni àrùn sábà máa ń kọ́kọ́ bá lẹ́nu ọmọ ilé-ẹ̀kọ́.

Èyí kò wí pé kí a fi ojú tẹ́ḿbẹ́lú eyín ọmọdé. Òun ni ó di àyè mú fún eyín àgbà tí ó ń bọ̀. Bí ó bá jẹrà, tí a sì yọ ọ́ ṣáájú àkókò, àwọn eyín ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ a máa sún sí àyè náà, èyí tí ó ń bọ̀ a sì hù ní wíwọ́.

Bí a bá la eyín sí méjì, ipele mẹ́ta ni a ó rí. Ti òde ni èyí tí ó funfun, tí ó sì ń dán. Òun ni ohun tí ó le jùlọ nínú gbogbo ara ènìyàn. Ó le ju egungun lọ. Kò ní ẹ̀jẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò ní iṣan tí a fi ń mọ ìrora. Nígbà tí egungun ọwọ́ bá ṣẹ́, ó lè so padà. Ṣùgbọ́n bí ipele òde eyín bá ti lu, kò lè dí ara rẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀ ni ipele kejì wà, tí àwọ̀ rẹ̀ fara jọ ìyeyè, tí kò sì le tó ti òde. Ní àárín gbùngbùn ni ipele kẹta wà, èyíinì ni mùdùnmúdùn eyín, níbi tí ẹ̀jẹ̀ àti iṣan ìmọ̀lára wà. A lè fi eyín wé ìlú tí a mọ odi yí ká, ṣùgbọ́n tí kò fi oníbodè kankan sí ẹnu odi. Àwọn ọ̀tá lè máa gbẹ́ odi náà ní oṣù dé oṣù, kí ẹnikẹ́ni má mọ̀. Ìgbà tí wọ́n bá dé ẹ̀bá ààfin ni a ó tó gbọ́ igbe. Igbe náà ni ìrora tí à ń pè ní akokoro.

Ta wá ni ọ̀tá tí ó ń gbẹ́ odi yìí? Àwọn baba wa gbà pé kòkòrò kan bí ìdin ni ó ń jẹ eyín. Kì í ṣe Yorùbá nìkan ni ó gba èyí gbọ́. Àwọn ará Bábílónì àtijọ́ kọ ìtàn ìdin eyín sí ara amọ̀, àwọn ará Yúróòpù pàápàá sì gbà á gbọ́ fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Títí di òní, a rí àwọn tí ń kiri oògùn eyín ní ọjà àti ní ibùdókọ̀, tí wọn a kán oògùn sí ẹnu aláìsàn, tí wọn a sì fi ohun kan bí ìdin hàn án pé ó ti ìdí eyín rẹ̀ jáde. Kí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ má ṣe gba irú wọn gbọ́.

Ní 1683, ará Hóláǹdì kan tí ń jẹ́ Antonie van Leeuwenhoek ha ẹ̀gbin funfun láàrin eyín ara rẹ̀, ó sì fi awò tí í sọ ohun kékeré di ńlá wò ó. Sí ìyàlẹ́nu rẹ̀, ó rí ọ̀pọ̀ ẹ̀dá abẹ̀mí tíńtìntín tí wọ́n ń rìn gbéregbère nínú rẹ̀. Ní 1728, Pierre Fauchard, oníṣègùn eyín ní ilẹ̀ Faransé, tẹ ìwé ńlá kan jáde, nínú èyí tí ó ti sọ pé òun wá ìdin nínú eyín jíjẹrà, òun kò sì rí i. Ní 1890 ni W. D. Miller, ará Amẹ́ríkà tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Berlin, wá so ọ̀rọ̀ náà pọ̀. Ó fi hàn pé àwọn ẹ̀dá tíńtìntín tí ó wà lẹ́nu a máa sọ àjẹkù oúnjẹ di omi kíkan, omi kíkan yìí ni ó sì ń yọ́ eyín. Nítorí náà, àwọn baba wa kò ṣì í pátápátá. Kòkòrò ń bẹ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìdin, ojú lásán kò sì lè rí i.

Bí ó bá ṣòro láti gbà pé ohun dídùn lè di kíkan lẹ́nu, kí a rántí ògì. Bí a bá rẹ àgbàdo sínú omi, tí a lọ̀ ọ́, tí a sẹ́ ẹ, tí a sì fi í sílẹ̀, omi orí rẹ̀ a kan. Kò sí ẹni tí ó da omi kíkan sí i; àwọn ẹ̀dá àìrí ni ó ṣe iṣẹ́ náà. Ohun kan náà ni ó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́nu wa bí ṣúgà, tí àwọn àgbà ń pè ní iyọ̀ òyìnbó, bá kan ẹ̀gbin ara eyín. Láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀, omi kíkan ti dé, yóò sì máa yọ́ eyín fún bí ìdajì wákàtí tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ni itọ́ yóò ṣan án kúrò, tí yóò sì dá díẹ̀ padà nínú ohun tí eyín ti pàdánù. Itọ́ ni alátúnṣe odi; ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ àyè láti ṣiṣẹ́.

Láti inú èyí ni a ti lè mọ̀ pé kì í ṣe bí ṣúgà ti pọ̀ tó nìkan ni ó ń ba eyín jẹ́. Iye ìgbà tí a ń jẹ ẹ́ lóòjọ́ ṣe pàtàkì púpọ̀. Ọmọ tí ó jẹ ohun dídùn lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú oúnjẹ ọ̀sán ti kọ ẹ̀yìn ọ̀tá sí odi lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó lá súìtì ní òwúrọ̀, tí ó jẹ bisikíìtì ní àkókò ìsinmi, tí ó mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò lọ́sàn-án, tí ó sì ń jẹ tọ́fì bí ó ti ń lọ sílé, kò jẹ́ kí itọ́ rí àyè rárá. Láti 1945 lọ ni a ti ṣe ìwádìí lórí ọ̀rọ̀ yìí ní Vipeholm, ní ilẹ̀ Swídìn, a sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1954. Ó hàn gbangba pé ṣúgà tí a jẹ pẹ̀lú oúnjẹ kò ṣe ìpalára púpọ̀, ṣùgbọ́n tọ́fì tí ń lẹ̀ mọ́ eyín, tí a ń jẹ láàrin oúnjẹ kan sí èkejì, ba eyín jẹ́ gidigidi. Ìwádìí náà tọ̀nà, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí a gbà ṣe é kò dára, nítorí àwọn aláìpé ọpọlọ tí wọn kò lè yọ̀ǹda ara wọn ni a fi ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí a tọ ipa àrùn yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí a sì wo ohun tí oníṣègùn lè ṣe ní ìpele kọ̀ọ̀kan. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àmì funfun kan a hàn lára eyín, bí ẹni pé a fi ẹfun kàn án. Kò dunni rárá. Bí a bá ń fọ ẹnu dáradára, tí a sì dín ohun dídùn kù, eyín náà lè le padà láìsí abẹ́rẹ́ tàbí ẹ̀rọ. Lẹ́yìn èyí ni ihò kékeré kan yóò yọ, tí ó dúdú tàbí tí ó pupa rúsúrúsú. Èyí náà lè má dunni, àfi bí a bá mu omi tútù. Oníṣègùn yóò gbẹ́ ibi tí ó jẹrà kúrò, yóò sì fi ohun líle dí ihò náà. Ó lè parí rẹ̀ ní ìjókòó kan, eyín náà yóò sì tún wúlò fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Bí a bá fi í sílẹ̀, àrùn yóò dé mùdùnmúdùn. Nígbà náà ni eyín yóò máa dunni kíkankíkan, pàápàá lóru, tí ọmọ kò ní lè sùn, tí kò sì ní lè fi ọkàn sí ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ kejì. Nísinsìnyí, dídí lásán kò tó mọ́. Oníṣègùn níláti yọ mùdùnmúdùn náà, kí ó fọ ihò gbòǹgbò eyín mọ́, kí ó tó dí i. Iṣẹ́ náà gba àkókò, ó sì gba owó. Ẹni tí kò bá ní agbára rẹ̀ yóò yọ eyín náà dànù. Àìtètè mú olè, olè ń mú olóko.

Ohun tí ó burú jù ṣì kù. Nígbà mìíràn, ìrora náà a dáwọ́ dúró lójijì, aláìsàn a sì máa yọ̀ pé àrùn ti lọ. Kò lọ, mùdùnmúdùn eyín ni ó kú. Àrùn ti gba ìdí eyín wọ inú egungun àgbọ̀n, ọyún yóò gbá jọ síbẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ yóò sì wú. Bí wíwú náà bá ràn dé abẹ́ àgbọ̀n àti ọrùn, ó lè dí ọ̀nà èémí, ó sì lè pa ènìyàn. Nítorí náà, ọmọ tí ojú tàbí ọrùn rẹ̀ bá wú nítorí eyín, tí ara rẹ̀ gbóná, tí kò lè la ẹnu tàbí gbé itọ́ mì, ọjọ́ náà gan-an ni kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. A kò gbọdọ̀ ní kí ilẹ̀ ó mọ́.

Àwọn ẹlòmíràn a máa da omi bátìrì mọ́tò tàbí pẹtiróòlù sínú ihò eyín. Ìwà ewu ni èyí, nítorí omi bátìrì a máa bó ẹran ẹnu, kì í sì í wo ihò sàn. Fífi oògùn orífífọ́ sí ara èrìgì, èyíinì ni ẹran tí ó di eyín mú, náà a máa jó o. Gbígbé ni à ń gbé irú oògùn bẹ́ẹ̀ mì, ó sì yẹ kí àgbà mọ irú èyí tí ó tọ́ fún ọmọ.

Ẹ̀rù ni ó ń mú kí ọ̀pọ̀ ọmọ sá fún oníṣègùn eyín, kì í sì í ṣe ní ilẹ̀ wa nìkan. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ìjọba New Zealand rí i pé eyín ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó fẹ́ wọ iṣẹ́ ológun ti bàjẹ́. Nítorí náà, ní 1921, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ àwọn ọ̀dọ́bìnrin ní iṣẹ́ ìtọ́jú eyín fún ọdún méjì, kí wọn lè máa tọ́jú àwọn ọmọ nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́. Ẹsẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń tẹ ẹ̀rọ tí ń gbẹ́ eyín, bí aránṣọ ti ń tẹ máṣíìnì rẹ̀. Àwọn ọmọ bẹ̀rù ibẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi sọ ọ́ ní ilé ìpànìyàn. Síbẹ̀, ètò náà gba eyín àìmọye ọmọ là, àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn bíi Màléṣíà sì kọ́ irú rẹ̀. Lóde òní, ẹ̀rọ ti yá ju ti àtijọ́ lọ, abẹ́rẹ́ a sì máa mú kí ojú ibẹ̀ kú kí oníṣègùn tó fọwọ́ kàn án. Ní ilẹ̀ wa, ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ní irú ètò bẹ́ẹ̀ kò pọ̀, nítorí náà àwa ni a ó máa tọ oníṣègùn lọ. Ilé ìwòsàn Yunifásítì ní Ìbàdàn, ti Ìdí-Àràbà ní Èkó, àti ti Ilé-Ifẹ̀ ní ẹ̀ka ìtọ́jú eyín. Àwọn ilé ìwòsàn ìjọba mìíràn sì ní i pẹ̀lú. Ó dára kí ọmọ dé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ó kéré tán, bí eyín kankan kò tilẹ̀ dùn ún.

Kí a tó dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn, iṣẹ́ tí ó wà lọ́wọ́ wa ni ó pọ̀ jù. Àwọn baba wa kì í fi ìmọ́tótó ẹnu ṣeré. Wọ́n ń run orín láràárọ̀: orín àtà, orín orógbó, igi ewúro, pákò Ìjẹ̀bú. Àjọ Ìlera Àgbáyé náà yin orín ní 1987, ó ní kí àwọn tí ó jẹ́ àṣà wọn máa lò ó. Ẹni tí ó bá ń run orín, kí ó rún ẹnu rẹ̀ títí yóò fi rí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí búrọ́ọ̀ṣì, kí ó sì fi í dé ẹ̀yìn ẹnu àti inú eyín, kì í ṣe iwájú tí àwọn ènìyàn ń rí nìkan. Búrọ́ọ̀ṣì rọrùn láti dé kọ̀rọ̀ wọ̀nyí, ọ̀pọ̀ ọṣẹ ìfọyín sì ní flúóráìdì, tí í mú kí ipele òde eyín le sí i. Ní 1945, ìlú Grand Rapids ní Amẹ́ríkà ni ó kọ́kọ́ fi flúóráìdì sí omi ẹ̀rọ ìlú. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, eyín jíjẹrà láàrin àwọn ọmọ tí a bí lẹ́yìn náà ti dín kù ju ìdajì lọ.

Ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ni kí a máa fọ ẹnu, fún ìṣẹ́jú méjì lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ti alẹ́, kí a tó sùn, ni a kò gbọdọ̀ gbàgbé, nítorí itọ́ a máa dín kù bí a bá ń sùn, àwọn ọ̀tá a sì rí àyè. Bí a bá fọ ọ́ tán, kí a tu ìfófó ọṣẹ dànù, ṣùgbọ́n kí a má ṣe fi omi púpọ̀ yọ ẹnu, kí flúóráìdì lè dúró lára eyín. Bí èrìgì bá ń ṣẹ̀jẹ̀, kí a má torí rẹ̀ dẹ́kun fífọ ẹnu; ẹ̀gbin tí ó wà níbẹ̀ ni ó sábà máa ń fa ẹ̀jẹ̀ náà. Kí oníkálùkù sì ní búrọ́ọ̀ṣì tirẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí ó kan àwọn tí ń gbá bọ́ọ̀lù. Bí eyín àgbà bá fò yọ lẹ́nu ọmọ odidi, kí a má ṣe jù ú nù. Kí a di ibi funfun rẹ̀ mú, kí a má fọwọ́ kan gbòǹgbò. Bí ó bá dọ̀tí, kí a fi omi mímọ́ ṣàn án díẹ̀ láìfọwọ́ ra á, kí a kì í bọ ihò rẹ̀ padà lójú ẹsẹ̀, kí ọmọ náà sì rọra fi eyín di aṣọ mímọ́ mú. Bí èyí kò bá ṣeé ṣe, kí a fi eyín náà sínú mílíìkì olómi, kí a sì sáré tọ oníṣègùn lọ kí wákàtí kan tó kọjá. Eyín náà tún lè so padà. Ṣùgbọ́n eyín ọmọdé ni a kì í dá padà, kí ó má bàa pa eyín àgbà tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ lára.

Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ihò eyín. Lónìí, búrọ́ọ̀ṣì tàbí ìjókòó kan níwájú oníṣègùn lè ká a. Lọ́dún tí ń bọ̀, ó lè di ohun tí yóò gba eyín náà lọ pátápátá. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ lọ wo ẹnu ara yín nínú dígí lónìí, kí ẹ sì wo ti àwọn àbúrò yín nílé, pàápàá àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún mẹ́fà. Ẹ ka eyín wọn títí dé ìkẹfà. Bí ẹ bá rí àmì dúdú níbẹ̀, ẹ sọ fún àwọn òbí yín, bí ọmọ náà tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín.